Irú Gbígbà Wo Nìyẹn?

Ẹlẹ́nu-Méjì ni wọ́n ń pe obìnrin náà níbi iṣẹ́, kò sì sí ọjọ́ tí orúkọ yẹn kì í gún un lára. Kì í ṣe òpùrọ́, kì í ṣe olófòófó. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ó gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lè mú ọ̀rọ̀ láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì kí ẹni tó sọ ọ́ tó gbé itọ́ mì. Ìdí káńtà lẹ́nu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an wà: kó kí àlejò káàbọ̀, kó fún un ní kọ́kọ́rọ́, kó fi ibi tí àtẹ̀gùn wà hàn án. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti dé láàárín Máníjà àtàwọn òṣìṣẹ́ ìsàlẹ̀, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Bí ọ̀rọ̀ náà bá yanjú, kò sẹ́ni tó máa rántí pé ó wà níbẹ̀. Bó bá dàrú, wọ́n á ní òun ló túmọ̀ rẹ̀ dàrú.

Máníjà yìí, ká má parọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe èèyàn burúkú. Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ìyá tiẹ̀ náà. Ìlú rẹ̀ jìnnà, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ èdè rẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ náà. Ńṣe ló yá Gẹ̀ẹ́sì wọ̀ bí àwọn yòókù ṣe yá a wọ̀. Ó kàn jẹ́ pé tiẹ̀ ti pẹ́ lọ́rùn rẹ̀, ó ti ń rò pé òun ló rán an.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ni ẹ̀rọ ìlọṣọ ńlá tó wà nísàlẹ̀, èyí tó ń fi irin gbígbóná tẹ aṣọ bẹ́ẹ̀dì títí yóò fi gún régé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀rọ yìí jó òkìtì aṣọ kan di èédú. Èéfín gba orí àtẹ̀gùn lọ sókè. Àwọn àlejò ń sá jáde, òmíràn pẹ̀lú ọṣẹ létí, òmíràn pẹ̀lú tówẹ̀lì nìkan nídìí. Ọpẹ́lọpẹ́ awakọ̀ kan tó sáré wọlé, tó fa wáyà ẹ̀rọ náà yọ lára ògiri. Kò sẹ́ni tó fara pa, ṣùgbọ́n Máníjà ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ wá sọ tẹnu rẹ̀.

Àǹtí Àgbà ni wọ́n fà síwájú. Òun ló dàgbà jù nínú àwọn tó ń fọṣọ tó ń lọṣọ, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ sókè, tó jẹ́ pé bó bá ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì fún ọ, o ò ní fẹ́ tú u mọ́. Àǹtí Àgbà yìí kan náà sì ni ẹ̀gbọ́n ọkọ Ẹlẹ́nu-Méjì, ọmọ ìyá ọkọ rẹ̀ gan-an. Ẹlẹ́nu-Méjì ló bá a wá iṣẹ́ síbẹ̀. Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ le: ìyàwó ilé ni kó wá máa bi ẹ̀gbọ́n ọkọ léèrè ọ̀rọ̀ níwájú ọ̀gá, kò sì gbọdọ̀ já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀, kò gbọdọ̀ wò ó lójú kọrọkọrọ.

Ọ́fíìsì Máníjà kò tóbi. Fáànù orí àjà ń ṣe kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀ bí ẹni tó ń jẹ egungun. Àga aláwọ pupa kan wà níbẹ̀ tí awọ rẹ̀ ti bó, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ jókòó lé e. Alábòójútó àwọn tó ń fọṣọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo-ń-bọ̀ ni wọ́n ń pe ọkùnrin yẹn, torí pé kò sí iṣẹ́ tí o máa bẹ̀ ẹ́ tí kò ní dá ọ lóhùn pé, "Mo ń bọ̀," tí o ò sì ní rí i mọ́. Gẹ̀ẹ́sì ló fi rojọ́. Ó ní ẹni tó bá dàgbà jù níbi iṣẹ́ ni ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, bó ṣe rí látilẹ̀ nìyẹn.

Máníjà kọjú sí Ẹlẹ́nu-Méjì. "Bi í bóyá ó gba ohun tí ọkùnrin yìí sọ." Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lò ni "accept".

Ẹlẹ́nu-Méjì ń gbúròó àwọn àlejò ní káńtà, wọ́n ń tẹ aago orí tábìlì bí ẹni tó fẹ́ fọ́ ọ. Ara rẹ̀ ti wà lọ́nà. Ó yáa túmọ̀ ọ̀rọ̀ alábòójútó ní ṣókí, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ṣé ẹ gba ohun tí wọ́n sọ?"

Àǹtí Àgbà fọwọ́ tún épírọ́ọ̀nù rẹ̀ ṣe, ó tẹ orí ba. "Ó dáa," ó ní. "Mo gbà."

"She accepts," Ẹlẹ́nu-Méjì wí, ó sì sáré padà sídìí káńtà rẹ̀.

Kí wọ́n tó ṣíwọ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ti jáde láti òkè: Àǹtí Àgbà ti jẹ́wọ́ pé òun lòun jó aṣọ, kó máa lọ sílé, iṣẹ́ ti bọ́.

Ilé gbóná lọ́jọ́ yẹn ju ẹ̀rọ ìlọṣọ lọ. Ọkọ Ẹlẹ́nu-Méjì dúró láàárín pálọ̀, ó fọwọ́ lé ìbàdí. Àǹtí Àgbà jókòó sórí àga ìgbàlejò, ó ń bó ọsàn jẹ́jẹ́ bíi pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ń sọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìfọ́ ife," ọkọ wí. "Ó wá jẹ́ pé ẹnu ìyàwó tèmi ni wọ́n fi lé e dànù!"

"Ẹnu tèmi kọ́!" Ẹlẹ́nu-Méjì ní. "Ohun tí wọ́n sọ ni mo sọ. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ dá sí i. Ṣé ẹ sọ pé ẹ gbà àbí ẹ ò sọ?"

"Mo sọ ọ́."

"Kí lẹ gbà?"

"Mo gba ọ̀rọ̀."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ."

"Ìyẹn ni pé ẹ gbà pé ẹ̀yin lẹ jó aṣọ?"

Àǹtí Àgbà gbé ọsàn sílẹ̀. "Ta ló jó aṣọ? Ṣé ìwọ náà ti ń sọ pé mo jó aṣọ ni?"

Ẹlẹ́nu-Méjì fọwọ́ mórí. Ó fẹ́ pariwo, ṣùgbọ́n ta ni yóò pariwo lé lórí? Ẹ̀gbọ́n ọkọ? Ọkọ? Ó kàn lọ jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìyàwó wa, gbọ́," Àǹtí Àgbà ní, ohùn rẹ̀ tutù. "Wọ́n pè mí síwájú àwọn tí mo lè bí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà wà lọ́rùn mi torí pé èmi ni mo dàgbà. Ṣé kí n wá máa bá wọn fa ṣòkòtò ni? Mo gbà kí ọ̀rọ̀ lè rọlẹ̀. Ohun tí mo ń retí ni pé kí ọ̀gá náà ní, 'Ẹ pẹ̀lẹ́, mà, ó ti tán, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀ mọ́.' Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, bí àgbà bá ti gbà, ọ̀rọ̀ parí. Èmi ò mọ̀ pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé, bí o bá ti gbà fún wọn, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n á gbá ọ mú."

"Ẹ ò rí i?" ọkọ ní. "Ó yẹ kó o ti mọ̀. Ìwọ lo gbọ́ èdè méjèèjì."

"Mo gbọ́ èdè, mi ò gbọ́ ohun tó wà nínú ikùn!" Ó dìde dúró. "Ọ̀rọ̀ 'mo gbà' ẹ̀yin ará ilé yìí ló ń pa mí. Ẹnu ẹ̀rọ omi ń jò nínú ilé ìdáná, mo ní kí ẹ bá mi wò ó, ẹ ní ẹ gbà. Ó ṣì ń jò. Mo ní kí ẹ bá mi mú ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́, ẹ ní ẹ gbà, èmi náà ni mo tún mú un lọ. Gbogbo yín ń gbà, kò sẹ́ni tó ń ṣe!"

Àǹtí Àgbà ní òótọ́ ni, àbúrò òun ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Ìyẹn tilẹ̀ tún bí ọkọ nínú.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí Ẹlẹ́nu-Méjì ṣe ń rìn lọ síbi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà ń yí lórí rẹ̀ bí òkò nínú agolo. Èèyàn ń gba ẹrù, ó ń gba ọ̀nà, ó ń gba ìyà. Àdúrà ń gbà. Aláìní ń gba ìwọ̀sí. Gbogbo ẹ̀, gbígbà ni. Ṣùgbọ́n àwọn onígẹ̀ẹ́sì ti pín in wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹran ọjọ́ ìgbéyàwó. Bí ọkàn tìrẹ náà bá rò bí ọkàn tèmi ṣe rò, wọ́n á ní "agree". Bí wọ́n bá gbé nǹkan fún ọ, ì báà dùn, ì báà korò, tí o sì na ọwọ́ sí i, "accept" nìyẹn. Bí o bá jẹ́wọ́ ohun tí o ti fẹ́ fi pa mọ́, wọ́n ní "admit". Bí ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ, ṣùgbọ́n tí o jù ú sílẹ̀ kí ìjà lè tán, wọ́n ní "concede". Bí o bá yọ̀ǹda kí wọ́n ṣe nǹkan sí ọ, "consent" ni. Bó bá sì jẹ́ pé ìwọ ò rò bẹ́ẹ̀ rárá, tí o kàn ṣe é torí pé ọ̀gá ni ọ̀gá, ìyẹn náà ní orúkọ tirẹ̀. Èyí tí Àǹtí Àgbà ṣe, jíjù sílẹ̀ ni. Èyí tí òun fi lé Máníjà lọ́wọ́, nína ọwọ́ ni. Èyí tí Máníjà gbọ́, jíjẹ́wọ́ ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó jáde lẹ́nu ní àgùntàn, ó dé òkè ní ìkookò.

Inú bí i sí Yorùbá, inú bí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó tún wá bí i sí ara rẹ̀ jù, torí ó mọ̀ pé bí kì í bá ṣe ti aago orí káńtà yẹn, ì bá ti béèrè ọ̀rọ̀ kan sí i.

Kò tilẹ̀ dúró gbé àpò sílẹ̀. Ọ́fíìsì Máníjà ló gbà lọ.

"Sà, ọ̀rọ̀ àná yẹn, kò rí bẹ́ẹ̀."

Máníjà gbé ojú sókè. Oorun kò tíì dá lójú rẹ̀. "Ìwọ lo sọ fún mi pé ó jẹ́wọ́."

"Mo ní ó gbà, sà. Mi ò ní ó jẹ́wọ́. Mo ní 'accept', mi ò ní 'admit'."

"Kí ló wà láàárín méjèèjì?"

"Iṣẹ́ obìnrin kan ló wà láàárín wọn, sà."

Máníjà fa àga sẹ́yìn. "Ó dáa. Lọ pè é wá. Pe alábòójútó náà. Ṣùgbọ́n lónìí, ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́. Ọ̀kan! Ṣé ó gbà ni, àbí kò gbà?"

Wọ́n tún pé jọ lábẹ́ fáànù tó ń jẹ egungun. Àǹtí Àgbà wọ aṣọ ilé, ó kí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo-ń-bọ̀ tún gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lọ.

"Bi í bóyá ó fara mọ́ ọn pé òun ló yẹ kó mójú tó ẹ̀rọ náà," Máníjà ní.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ṣé ọkàn tiyín náà rò pé ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ mójú tó ẹ̀rọ?"

"Bí wọ́n bá ti rí i bẹ́ẹ̀, mo gbà."

Ẹlẹ́nu-Méjì pa ojú dé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe bí *wọ́n* ṣe rí i. Bí *ẹ̀yin* ṣe rí i."

"Ta ni mo jẹ́ tí màá máa rí i yàtọ̀ sí ti ọ̀gá?"

"Kí ló wí?" Máníjà béèrè.

"Ó ní... ó gbà láìgbà, sà."

"Láì kí ni?"

"Ẹ jẹ́ kí n tún un bi."

Ó tún un bi. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó bi í bóyá ó ṣe é, bóyá ó fẹ́ kí wọ́n sọ pé ó ṣe é, bóyá kò bínú bí wọ́n bá sọ pé ó ṣe é. Ibi yòówù kó gbé e gbà, "mo gbà" náà ló ń pàdé. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Máníjà ń fi bírò gbá tábìlì. Mo-ń-bọ̀ wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀, Máníjà sì ní kò sí ibi tó ń lọ.

Níkẹyìn, inú Ẹlẹ́nu-Méjì ru débi pé ó gbàgbé pé ìyàwó ilé lòun. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ fi gbígbà sílẹ̀ ná! Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

Àǹtí Àgbà wò ó bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. "Hẹn-ẹ́n," ó ní. "Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí."

Òótọ́ sì ni. Àtọjọ́ tí aṣọ ti jó, wọ́n ti bi í bóyá ó gbà, kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀.

"À ń lọṣọ lọ́wọ́," Àǹtí Àgbà ní. "Iná lọ. Aṣọ wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Mo fẹ́ fà á yọ, kí n sì pa ẹ̀rọ náà, wọ́n ní kí gbogbo wa jáde kíákíá lọ gbé ẹrù àwọn àlejò tí bọ́ọ̀sì ńlá gbé dé. Mo ní ẹ jẹ́ kí n pa á ná. Wọ́n ní iná ò sí, kí ni mo fẹ́ pa? A lọ. Ìgbà tí iná dé, a wà lókè pẹ̀lú ẹrù lórí."

Ẹlẹ́nu-Méjì túmọ̀ rẹ̀, kò yọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Máníjà dáwọ́ bírò dúró.

"Wọ́n wo? Ta ni 'wọ́n'? Èèyàn mélòó?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni wọ́n?"

"Wọ́n náà ni." Kò wo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. "Èmi ò lè máa dárúkọ ọ̀gá mi nílẹ̀ báyìí."

"Ó ní... 'they', sà. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ẹyọ ẹnì kan. Tí a bá bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan, ó ń di púpọ̀."

Máníjà gbé orí lé ọwọ́. "Ọlọ́run mi," ó wí ní èdè ìyá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó nílò ògbufọ̀ fún ìyẹn. Nígbà tó gbé orí sókè, alábòójútó ló ń wò.

Mo-ń-bọ̀ húkọ́ díẹ̀. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì dídán kan sọ̀rọ̀, ó gùn bí okùn kànga. Àǹtí Àgbà fọwọ́ kan Ẹlẹ́nu-Méjì. "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé, bí ọwọ́ ṣe dí lọ́jọ́ náà, àwọn lè ti sọ nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀."

"Ìyẹn ni pé wọ́n gbà?"

"Mi ò mọ̀!" Ẹlẹ́nu-Méjì ké. "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ̀! Àwọn náà gbà láìgbà!"

Máníjà kò nílò ìtumọ̀. Ó ní kí Mo-ń-bọ̀ sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ kúkúrú, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́: ṣé òun ló lé wọn jáde? Ọkùnrin náà wo fèrèsé, ó wo bàtà rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ó ní. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ débi pé ariwo fáànù fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó mọ́lẹ̀.

Bí iṣẹ́ Àǹtí Àgbà ṣe padà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ò fẹ́ kí ọwọ́ òun ṣófo. Ó ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n kìlọ̀ fún un nítorí àìbìkítà, kó kàn sọ pé òun gbà, kí oníkálukú máa lọ. Ẹlẹ́nu-Méjì túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀; ó rò pé ó ti bùṣe.

"Àìbìkítà?" Àǹtí Àgbà béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọ̀rọ̀ lásán ni. Ẹ ṣáà gbà."

"Èmi tí mo ní ẹ jẹ́ kí n pa á?" Ó na ẹ̀yìn rẹ̀ gbọnrangandan. "Mi ò gbà."

Ẹlẹ́nu-Méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. "Ẹ̀gbọ́n mi! Láti àná lẹ ti ń gbà! Ẹ gba gbogbo ẹ̀! Ó wá kù díẹ̀ kó tán, ẹ ò wá gbà mọ́?"

"Àná, wọ́n ní ẹrù ló wà nílẹ̀, mo ru ú, torí àgbà ló ń ru ẹrù. Èyí tí wọ́n sọ lónìí kì í ṣe ẹrù. Ìwà mi ni wọ́n ń sọ. Sọ fún wọn bẹ́ẹ̀."

Ó sọ fún wọn. Àìgbà yẹn kò gbà á ní àkókò rárá láti túmọ̀. "No" ni, ó sì gún bí ọ̀pá. Máníjà wo obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà, ó wo òkè àjà, ó wá ju bírò sílẹ̀. Ó ní ó dáa, kò sí ìkìlọ̀. Àtọjọ́ náà lọ, bí iná bá lọ, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ni kó pa á kó tó kúrò, ì báà jẹ́ òun Máníjà fúnra rẹ̀ ló ní kó máa bọ̀.

"Ìyẹn dáa," Àǹtí Àgbà ní. Ó kí wọn, ó jáde.

Ẹlẹ́nu-Méjì bá a lórí àtẹ̀gùn. Ó rò pé yóò dúpẹ́, ó tilẹ̀ ti ń múra láti sọ pé kò tọ́pẹ́. Àǹtí Àgbà dúró, ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí àwọn àlejò tó ń gòkè lè kọjá.

"Ìyàwó wa," ó ní, "o pariwo lé mi lórí níbẹ̀ yẹn lónìí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ ló..."

"Mo mọ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n bó o bá délé, má sọ fún ọkọ rẹ pé o pariwo lé mi. Kò ní gbọ́ àgbọ́yé." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "O ṣeun. Lọ sídìí káńtà rẹ, wọ́n ń fọ́ aago yẹn."

Ó sọ̀kalẹ̀ lọ wá épírọ́ọ̀nù rẹ̀. Ẹlẹ́nu-Méjì dúró níbẹ̀, kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni àbí kí òun sunkún. Orí ń fọ́ ọ, ebi sì ń pa á. Nísàlẹ̀, àlejò kan ń ké pé òun ti ń dúró láti àárọ̀, ṣé kò sí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé yìí ni?

"Mo ń bọ̀, sà!" ó dáhùn, ó sì sáré sọ̀kalẹ̀.